Ọba Dedede: Ẹyẹ Tí A Dá Lẹ́bi Kí Ó Tó Ya Ẹnu

Ní ọ̀sán ọjọ́ Àbámẹ́ta kan, mo wà nínú yàrá nígbà tí ọmọ mi obìnrin, ọmọ ọdún mẹ́sàn-án, pariwo láti pálọ̀ pé, "Òun ni! Dádì, òun náà ni!" Mo sáré jáde, mo rò pé olè ti wọlé. N kò bá olè kankan. Ohun tí mo bá ni ẹyẹ sísanra kan lójú tẹlifíṣọ̀n, tí ó wọ ẹ̀wù oyè pupa, tí ó dé fìlà pupa, tí ó sì gbé òòlù onígi ràgàjì kan lé èjìká. Orúkọ ẹyẹ náà ni Ọba Dedede. Géèmù tí ọmọ mi ń ṣe ni Kirby and the Forgotten Land, èyí tí Nintendo gbé jáde ní ọdún 2022. Nínú ìtàn náà, wọ́n ti jí àwọn ará ìlú kan kó lọ, ọmọ mi sì ti rí ẹni tí ó jí wọn.

Mo bi í pé, "Ta ló sọ fún ọ pé òun ni?"

Ó wò mí bí ẹni ń wo ọmọdé. "Dádì, ṣebí òun ló máa ń jí nǹkan."

Ọ̀rọ̀ yẹn ni ó gbé mi dé ìdí àpilẹ̀kọ yìí. Mo mọ̀ pé àwọn kan nínú ẹ̀yin òǹkàwé mi yóò béèrè pé kí ló kan àgbàlagbà nípa ẹyẹ inú eré ọmọdé. Ẹ fara balẹ̀ díẹ̀. Ọgbọ̀n ọdún àti jù bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ti ń sọ ìtàn ẹyẹ yìí, mo sì gbà pé ohun tí ó wà nínú rẹ̀ nípa ìdájọ́ pọ̀ ju ohun tí ó wà nínú ọ̀pọ̀ fíìmù tí àwa àgbà ń jókòó wò.

Ó yẹ kí n ṣàlàyé fún ẹni tí kò mọ eré náà. Kirby ni akọni inú rẹ̀: nǹkan roboto bí bọ́ọ̀lù, aláwọ̀ píǹkì, tí kò ní ọrùn, tí ọwọ́ àti ẹsẹ̀ rẹ̀ kúrú bí ti ọmọ ọwọ́. Ẹnu rẹ̀ ni ohun ìjà rẹ̀. Yóò ya á, yóò fa ọ̀tá wọlé bí ẹni fa atẹ́gùn, yóò gbé e mì, yálà kí ó tu ú jáde lu ẹlòmíràn, tàbí kí agbára ọ̀tá náà di tirẹ̀. Ọ̀dọ́mọkùnrin ará Japan kan, Masahiro Sakurai, ni ó ṣẹ̀dá rẹ̀ ní ilé iṣẹ́ HAL Laboratory. Eré àkọ́kọ́, Kirby's Dream Land, jáde ní Japan ní oṣù kẹrin ọdún 1992, fún ẹ̀rọ àfọwọ́mú tí wọ́n ń pè ní Game Boy. Dream Land ni orúkọ ìlú wọn. Ilẹ̀ Àlá ni n ó máa pè é.

Dedede jọ ẹyẹ pẹ́ńgúìnì, ẹyẹ ilẹ̀ olómi dídì tí kì í fò. Ọba ni ó ń pe ara rẹ̀. Kò sí afọbajẹ tí ó yàn án, kò sí ìdílé tí oyè ti kàn án. Òun fúnra rẹ̀ ni ó gbé oyè náà wọ ara rẹ̀. Ní eré ti 1992, ẹ̀ṣẹ̀ rẹ̀ kò ní àríyànjiyàn nínú. Òun àti àwọn ọmọ ẹ̀yìn rẹ̀ wọ ìlú ní òru, wọ́n kó gbogbo oúnjẹ lọ, wọ́n sì kó àwọn ìràwọ̀ idán ìlú mọ́ ọn. Kirby lọ bá a lórí òkè tí ó ń gbé, wọ́n jà nínú òrùka bí àwọn abẹ̀ṣẹ́, Kirby borí, oúnjẹ sì padà sọ́wọ́ àwọn tí ó ni ín. Olè ni Dedede ní ọdún yẹn. N kò fẹ́ fọ̀ ọ́ mọ́.

Ọdún tí ó tẹ̀ lé e ni ọ̀rọ̀ yí padà.

Ní 1993 ni Kirby's Adventure jáde. Kirby sùn lẹ́yìn oúnjẹ ọ̀sán, ó jí, ó sì rí i pé òun kò lá àlá kankan. Kì í ṣe òun nìkan. Kò sí ẹni tí ó ń lá àlá mọ́ ní gbogbo ìlú. Orísun kan wà níbẹ̀ tí àlá gbogbo wọn ti ń ṣàn jáde, ọ̀pá onírààwọ̀ kan ni ó sì ń fún un ní agbára. Kirby dé ìdí orísun náà, kò bá ọ̀pá mọ́. Dedede ti yọ ọ́, ó ti ṣẹ́ ẹ sí ọ̀nà méje, ó ti pín mẹ́fà fún àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ láti fi pamọ́, ó sì mú ìkeje dání.

Kí ni Kirby ṣe? Kò béèrè ohunkóhun. Ẹni tí ó jí oúnjẹ ní èṣí ni ó jí àlá ní ọdún yìí. Kí ló tún kù tí a ń wádìí? Ó gba ìlú kan dé èkejì, ó ń lu àwọn tí ó mú ẹ̀ṣẹ́ ọ̀pá náà dání lọ́kọ̀ọ̀kan, títí ó fi dé ọ̀dọ̀ Dedede tí ó lu òun náà bolẹ̀. Ẹni tí ó ń ṣe géèmù náà nílé ni ó ń lù wọ́n, kò sì ní ṣiyèméjì rárá. Èmi pẹ̀lú kò ṣiyèméjì nígbà tí mo ṣe é nílé ẹ̀gbọ́n mi kan ní ayé ọjọ́ sí.

Lẹ́yìn èyí ni ohun tí n kò gbàgbé ṣẹlẹ̀. Kirby to ọ̀pá náà pọ̀, ó gbé e lọ sí ìdí orísun láti dá a padà sí àyè rẹ̀. Dedede, tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ lù tán, fà á mú, ó ń fẹ́ dá a dúró. Kirby kò dá a lóhùn. Ó fi ọ̀pá sí àyè rẹ̀, ohun dúdú kan sì ti inú omi jáde: Àlákálàá fúnra rẹ̀, tí ó ti wọ inú orísun náà láti ba àlá gbogbo ìlú jẹ́. Dedede mọ̀ pé ó wà níbẹ̀. Òun ni ó fi yọ ọ̀pá náà, kí Àlákálàá má bàa rí ọ̀nà jáde. Ó ti ilẹ̀kùn mọ́ ohun burúkú, àwa sì fi ẹ̀sùn olè kàn án, a lù ú, a sì fi ọwọ́ ara wa ṣí ilẹ̀kùn náà.

Dedede kò sì sọ pé "mo ti ń sọ fún ọ". Ó ya ẹnu ńlá rẹ̀, ó fa Kirby àti ọ̀pá náà wọlé, ó sì fi gbogbo agbára tu wọ́n sí ojú ọ̀run kí wọ́n lè lé Àlákálàá bá. Ẹni tí a lù ni ó fi wá ránṣẹ́ síbi tí a ó ti ṣe àtúnṣe.

Yorùbá ní òwe kan tí gbogbo wa gbọ́ dàgbà: àjẹ́ ké lánàá, ọmọ kú lónìí, ta ni kò mọ̀ pé àjẹ́ àná ni ó pa ọmọ jẹ? Bí àgbàlagbà bá ti pa á tán, gbogbo àwùjọ a máa mi orí. Ṣùgbọ́n ẹ wo òwe náà dáadáa. Kò sí ẹlẹ́rìí nínú rẹ̀. Ohùn kan ni a gbọ́ ní òru, bóyá ti òwìwí ni. Òkú kan sì wà nílẹ̀ ní òwúrọ̀. Ìyókù jẹ́ ìbéèrè, irú ìbéèrè tí kò fẹ́ ìdáhùn. Bẹ́ẹ̀ ni ẹyẹ kò sí ní ipò tí yóò fi rí àánú gbà lọ́dọ̀ wa, àwa tí a ń pe ẹni tí a kò lè dárúkọ ìwà rẹ̀ ní gbangba ní ẹlẹ́yẹ. Àwọn baba wa kan náà ni ó tún sọ pé agbẹ́jọ́ ẹnìkan dá, àgbà òṣìkà. Òwe méjèèjì ni wọ́n fi jogún fún wa. Èyí tí kò ní wàhálà nínú ni à ń lò jù.

Dedede nìkan kọ́ ni ẹyẹ tí eré yìí ṣe bẹ́ẹ̀ fún. Nínú Kirby Super Star, tí ó jáde ní 1996, ẹyẹ ńlá kan wà tí ó ń jẹ́ Dyna Blade. Ó ń fò kọjá lórí oko àwọn ará Ilẹ̀ Àlá, ó ń ba irè oko jẹ́. Kirby lọ bá a jà, ó sì ṣẹ́gun rẹ̀. Ìgbà tí ó ṣẹ́gun tán ni ó bojú wo inú ìtẹ́, ó bá àwọn ọmọ ẹyẹ tí ebi ń pa. Ìyá wọn ń wá oúnjẹ kiri ni. Kirby, ẹni tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ na ìyá, wá di ẹni tí ń bọ́ ọmọ tí ó sì ń kọ́ wọn ní bí a ṣe ń fò. Ìyá náà tún padà wá ràn án lọ́wọ́ ní ìtàn mìíràn nínú eré kan náà, ó gbé e sẹ́yìn lọ bá ọkọ̀ ogun tí ọ̀tá ti já a bọ́ láti inú rẹ̀.

Èyí tí ó pa mí lẹ́rìn-ín jù ni ti 2006, Kirby: Squeak Squad. Kirby fẹ́ jẹ kéèkì rẹ̀, kéèkì pòórá. Lójú ẹsẹ̀ ni ó gbéra lọ sí ààfin Dedede. Kò sí ẹni tí ó rí Dedede níbẹ̀, kò sí ìṣẹ́jú kan tí ó fi ronú. Ó lù ú tán kí ó tó hàn pé ẹgbẹ́ àwọn eku olè kan ló yẹ kí a máa lé. Ohun tí ó ṣẹlẹ̀ ní 1993 kò kọ́ ọ ní nǹkan kan. Àwọn tí ó kọ ìtàn náà mọ̀ bẹ́ẹ̀. Mo gbà pé wọ́n mọ̀ọ́mọ̀ ṣe é ni, wọ́n ń fi akọni wọn rẹ́rìn-ín, wọ́n sì ń fi èmi tí mo tún gbé òòlù Dedede wò bí ẹ̀rí rẹ́rìn-ín pẹ̀lú.

Mo mọ ìwà yìí nítorí pé mo ti fi ṣe iṣẹ́ oòjọ́ rí. Nígbà tí mo ṣì jẹ́ akọ̀ròyìn kékeré ní ilé iṣẹ́ ìwé ìròyìn kan, wọ́n mú awakọ̀ kan pé ó jí owó ọ̀gá rẹ̀. Ọkùnrin náà ti ṣẹ̀wọ̀n oṣù mẹ́ta rí, nítorí jẹnẹrétọ̀ tí ó jí ní ìgbà èwe rẹ̀. Mo gbọ́ èyí lẹ́nu ọlọ́pàá, mo sì fi sí ìlà àkọ́kọ́ ìròyìn mi. Olóòtú yọ "wọ́n fẹ̀sùn kàn án" kúrò nínú àkọlé, ó ní ó ń gba àyè. Àwòrán ọkùnrin náà jáde lójú ewé kẹta, ó di ọwọ́ mọ́ ẹ̀yìn. Lẹ́yìn oṣù mẹ́wàá, ilé ẹjọ́ dá a sílẹ̀: ìbátan ọ̀gá náà ni ó kó owó rẹ̀. Mo kọ ìyẹn náà. Ìlà mẹ́rin ni wọ́n fún mi, lábẹ́ ìpolówó ọṣẹ.

Ìyá ọkùnrin náà wá sí ọ́fíìsì wa. Kò bínú, kò pariwo. Ó ká ìwé ìròyìn àkọ́kọ́ yẹn mọ́ inú ìborùn, ó tẹ́ ẹ sórí tábìlì mi, ó ní, "Ẹ jọ̀ọ́, ọmọ mi, ṣé ẹ lè bá mi gbé àwòrán rẹ̀ síta lẹ́ẹ̀kan sí i? Kí àwọn tí ó rí èyí lè rí i." Mo gbé ọ̀rọ̀ náà lọ bá olóòtú. Ó ní àwòrán ẹni tí kò jalè kì í ta ìwé.

Ohun kan tún wà nípa orúkọ Kirby tí ọ̀pọ̀ àwọn tí ó fẹ́ràn eré náà kò mọ̀. Ní 1982, ilé iṣẹ́ fíìmù Universal pe Nintendo lẹ́jọ́ ní Amẹ́ríkà pé ó jí King Kong wọn láti fi ṣe Donkey Kong. Nintendo kò tíì lágbára nígbà náà bí ó ti rí lónìí. Agbẹjọ́rò tí ó dúró fún wọn ń jẹ́ John Kirby. Ó fi yé ilé ẹjọ́ pé Universal fúnra rẹ̀ ti jà níwájú adájọ́ ní ọdún mélòó kan sẹ́yìn pé ìtàn King Kong ti di ohun gbogbo ayé, tí kò sí ẹni tí ó ni ín. Nintendo jàre. Nígbà tí wọ́n ń wá orúkọ fún bọ́ọ̀lù aláwọ̀ píǹkì yìí lẹ́yìn ọdún bíi mẹ́jọ, orúkọ agbẹjọ́rò náà wà lára ohun tí ó mú kí wọ́n yan Kirby. Nítorí náà, akọni tí kì í béèrè ọ̀rọ̀ lọ́wọ́ afurasí ń jẹ́ orúkọ ọkùnrin tí ó gba ilé iṣẹ́ kan lọ́wọ́ ẹ̀sùn olè. N kò rò pé ẹnikẹ́ni pète rẹ̀ bẹ́ẹ̀. Ó kàn dùn mọ́ mi ni.

Bí mo ti ń yìn wọ́n yìí, mo ní ẹjọ́ láti bá àwọn tí ń kọ ìtàn Dedede rò. Láti Kirby's Dream Land 2 ti 1995 ni wọ́n ti rí ọ̀nà mìíràn tí ó rọ̀ wọ́n lọ́rùn: wọ́n jẹ́ kí ẹ̀mí òkùnkùn kan wọ inú rẹ̀, tí kò fi mọ ohun tí ó ń ṣe. Wọ́n tún un ṣe ní 2014, nínú Kirby: Triple Deluxe, níbi tí wọ́n ti jí i gbé tí wọ́n sì ń darí rẹ̀ bí ọmọláńgidi. Wọ́n tún un ṣe ní 2018 nínú Kirby Star Allies. Ọdún 2022 tún nìyí. Ó ti di àṣà débi pé àwọn olólùfẹ́ eré náà ń fi ṣe yẹ̀yẹ́.

Èmi kò fẹ́ràn rẹ̀. Lọ́dọ̀ wa níbí, bí ọwọ́ bá ti tẹ ẹni tí ó ṣe ibi, ọ̀rọ̀ àkọ́kọ́ tí yóò ti ẹnu rẹ̀ jáde ni pé iṣẹ́ Èṣù ni. (Èṣù alára, ẹjọ́ tirẹ̀ wà lọ́tọ̀, òun náà ń ru ẹrù tí kì í ṣe tirẹ̀ láti ìgbà tí àwọn onítumọ̀ Bíbélì ti fi orúkọ rẹ̀ pe Sàtánì.) Dedede ti 1993 ronú, ó yan ohun tí yóò ṣe, ó sì jẹ ìyà rẹ̀. Dedede tí ẹ̀mí gbé wọ̀ kò yan ohunkóhun. Kò jẹ̀bi, òótọ́ ni, ṣùgbọ́n kò sí ẹni tí ó wà nílé tí a fi lè sọ pé ó jàre. Bí mo bá ní kí n mú ọ̀kan nínú méjèèjì fún ọmọ mi, ẹyẹ tí ó ní ìdí ni n ó mú.

Ìdí náà sì ní àbùkù tirẹ̀, èyí tí àwọn alágbàwí Dedede máa ń fò kọjá. Ó mọ̀ pé Àlákálàá wà nínú orísun. Kí ló dé tí kò sọ fún ìlú? Ó pe ara rẹ̀ ní ọba. Ó ti gba àlá lọ́wọ́ gbogbo ènìyàn láìsọ ìdí, ó sọ àṣírí náà di ti òun àti àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀, ó sì wá ń yà á lẹ́nu pé wọ́n wá lù ú. Ó tún irú rẹ̀ ṣe nínú Super Smash Bros. Brawl ti 2008. Ó ń gbé àwọn akọni tí wọ́n ti di ère lọ sí ààfin rẹ̀, gbogbo wa sì rò pé ó ń jí wọn ni, láìmọ̀ pé ó ń fi báàjì sí Luigi àti Ness láyà, kí wọ́n lè jí padà nígbà tí àjálù ńlá bá ti mú gbogbo àwọn yòókù. Báàjì náà ṣiṣẹ́. Síbẹ̀, kò sọ fún ẹnì kan. Ẹni tí orúkọ rẹ̀ ti bàjẹ́ kò ní àǹfààní àtidákẹ́. Òun gan-an ni ó yẹ kí ó tètè sọ̀rọ̀, nítorí pé ìdákẹ́jẹ́ rẹ̀ ni a ó kọ́kọ́ kà sí ẹ̀ṣẹ̀.

Ṣùgbọ́n bí ó bá tilẹ̀ sọ ọ́, ta ni ì bá gbọ́? Ìbéèrè yìí ni n kò lè dáhùn. Mo rántí awakọ̀ yẹn. Ó sọ fún mi ní àgọ́ ọlọ́pàá pé òun kọ́, ó sì sọ ọ́ kedere, ó tilẹ̀ dárúkọ ẹni tí ó fura sí. Mo kọ ọ́ sínú ìwé àkọsílẹ̀ mi. N kò fi sínú ìròyìn.

Ní bíi ọ̀sẹ̀ méjì lẹ́yìn ọjọ́ Àbámẹ́ta yẹn, ọmọ mi sún mọ́ òpin eré rẹ̀. Ó ti bá Dedede jà lẹ́ẹ̀kejì, ó ti ṣẹ́gun rẹ̀, ojú ẹyẹ náà sì ti là kúrò nínú ohun tí ó ń darí rẹ̀. Àwọn ẹranko ń ya bọ̀ láti ẹ̀yìn. Dedede ti Kirby àti àwọn tí ó kù síwájú, ó ní kí wọ́n máa lọ lọ́nà tirẹ̀, ó yíjú padà, ó sì dúró dí àwọn ẹranko náà lọ́nà títí wọ́n fi bò ó mọ́lẹ̀. Mo jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ ọmọ mi nígbà náà. Ó gbé ohun tí ó fi ń ṣe eré náà sílẹ̀ lórí ẹsẹ̀ rẹ̀, kò sọ̀rọ̀ fún ìgbà díẹ̀.

"Dádì," ó wí, "ṣé wọ́n padà lọ mú un?"

Mo ní kí ó máa bá eré rẹ̀ lọ.